Aṣọ Mi Tí Wọ́n Fi Tọrẹ

Sátidé, 6 Dìsẹ́mbà 2025

Sherifatu ti fi aṣọ mi tọrẹ.

Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó bímọ ní Gumani. Kí n tó padà dé Sabonjida, àwọn ẹbí ọkọ Zulfah, ọmọ Sherifatu, ti wá, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, wọ́n ti lọ. Sherifatu ẹ̀gbọ́n mi wá ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun gbé aṣọ oníkírọ́ọ̀sì mi, tí mò ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí, jáde han Hajia Adiza, ìyá ọkọ, obìnrin náà fọwọ́ pa á, ó ní, "Kai!", òun sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀dì Zulfah la ń ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀dì Zulfah! Aṣọ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kí Zulfah tó mọ ẹni tó ń fẹ́! Mo kọ "ó", mi ò kọ "wọ́n". Ẹ̀gbọ́n mi ni lóòótọ́, ọdún méje ló fi jù mí, àmọ́ kò rí "wọ́n" gbà lọ́wọ́ mi lónìí.

Ọdún méjì ààbọ̀ rèé. Èmi ni mo ya àwòrán ẹ̀ sínú ìwé onílà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò: tóótòòtó ara awó ní àárín, funfun lórí dúdú, kí etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ pupa àti àwọ̀ ewé. Mi ò ṣe é fún títà. Tí mo bá tilé ìwé dé, tí orí mi ń gbóná nítorí ariwo, màá jókòó sábẹ́ igi nímù, dóńgóyárò inú àgbàlá, màá ka ihò, màá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ayé á sì dákẹ́. Ta ni màá sọ ìyẹn fún nílé yìí? Wọ́n á ní, "Ummuhani, kò tíì sú ẹ?"

Mo ní mi ò fún un. Sherifatu ní, "O ò lọ́kọ, bẹ́ẹ̀dì ẹ ò ju ti ọmọdé lọ, kí lo fẹ́ fi í bò?" Níwájú Zulfah ló ti sọ ọ́. Ó tún wá pòwe lé e, ó ní ìbínú ò da nǹkan. Ẹni tí wọn ò mú aṣọ tiẹ̀ ló ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè, 7 Dìsẹ́mbà

Mo lọ fẹjọ́ sùn Ìyá. Láti Iléyá tí ẹ̀gbà ti bá wọn jà, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbé nǹkan mọ́, itan ni wọ́n ń gbé e lé. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wọn. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ tán, kí n sunkún tán, wọ́n wá ní, "Fún ọmọ náà."

Mo mọ ìdí. Kò sí ìyàwó tó jáde nílé yìí tí kò gbé iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá dání. Sherifatu gbé tiẹ̀. Gbogbo ọmọ àwọn àbúrò bàbá wa gbé tiwọn. Èmi náà gbé irọ̀rí mẹ́rin lọ, mo sì gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà wá nígbà tí ilé ọkọ tú. Zulfah ni yóò kọ́kọ́ jáde láìní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ Ìyá kan ṣoṣo nínú ẹrù ẹ̀, òun sì ni ọmọ ọmọ àkọ́kọ́. Ìyá fẹ́ kí ọwọ́ tèmi dúró fún tiwọn. Ṣé ìyẹn ṣeé bá jà? Kò ṣeé bá jà, ohun tó wá ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Mo ti gbà. Sátidé, 7 Fẹ́búárì ni ìgbéyàwó, kí wọ́n tó gba ààwẹ̀. Àlàmísì tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ ẹrù ìyàwó fún àwọn obìnrin wò. Etí méjì ló kù tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo ní tí mo bá rí ìka ẹlòmíì lórí aṣọ yìí, màá gé e.

Jímọ̀, 12 Dìsẹ́mbà

Òwú pupa tán. Ìyá olówùú tó wà lọ́jà mú pupa mìíràn wá, ó ní ọ̀kan náà ni. Mo gbé méjèèjì sínú oòrùn fún un. Ọ̀kan pupa bí ata, ìkejì pupa bí bíríkì. Ó ní, "Àǹtí, ta ló máa wò ó débẹ̀?" Èmi! Èmi ni màá wò ó débẹ̀! Ohun tí mo ń rà ní owó sídì mẹ́fà ti di mẹ́wàá, wọ́n tún fẹ́ kí n fojú fo àwọ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá a ní Kumasi.

Túsìdeé, 16 Dìsẹ́mbà

Mo jà pẹ̀lú Ìyá. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Obìnrin tó ń na ọwọ́ fún wọn ní ọsibítù ní kí wọ́n máa fi òsì ṣe nǹkan, kí wọ́n máa fi jẹun, kí wọ́n máa fi di nǹkan mú, kí ara wọn lè jí. Láàárọ̀ yìí mo gbé kókó, ògì gbígbóná, kalẹ̀, mo fi ṣíbí sí wọn lọ́wọ́ òsì. Wọ́n sọ ṣíbí náà sílẹ̀. "Ọwọ́ tí mo fi ń fọ̀dí," ni wọ́n wí, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, "ni kí n fi jẹun? Lójú ọmọ ọmọ mi?" Mo ní Alfa pàápàá ti sọ pé aláìsàn láǹfààní láti fi òsì jẹun. Wọ́n ní kí Alfa wá máa fi tiẹ̀ jẹun. Mo pariwo lé wọn lórí. Mo ní, "Ìyá, ẹ ó wá jókòó síbẹ̀ kí èmi máa fi oúnjẹ sí yín lẹ́nu títí a ó fi kú?" Wọ́n ya ẹnu kí n bù ú sí i, wọn ò wojú mi.

Ìyá ló kọ́ mi ní kírọ́ọ̀sì nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá rí ibi tó wọ́, wọn kì í bá mi wí, àlùmọ́gàjí ni wọ́n máa ń gbé fún mi kí n fi tú u.

Sọ́ńdè, 21 Dìsẹ́mbà

Mo jí, mo bá ọkùnrin kan nínú àgbàlá tó ń fi téèpù wọn aṣọ mi. Abdul-Karim, tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sára aṣọ ní Sakasaka. Sherifatu ló pè é. Ọkùnrin náà ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa fi parí ohun tó kù.

Mo pè é kó wá wò ó. Mo ní, "Wo kírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ òkè. Gbogbo ẹsẹ̀ òkè tó wà lára aṣọ yìí, ọ̀tún ni wọ́n kọrí sí, bí èèyàn ṣe ń kọjú sí ibì kan náà lórí ìrun. Ṣé ẹ̀rọ ẹ lè ṣe é?" Ọkùnrin náà tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Hajia, ẹ má bínú. Wọn ò sọ fún mi pé ọwọ́ ni." Ó ká téèpù ẹ̀, ó lọ. Èèyàn dáadáa ni. Ìyá ìyàwó ni kò gbọ́. Ó ní, "Tí o ò bá parí ẹ̀ lásìkò, mo mọ ohun tí màá ṣe." Mo ní kó dán an wò.

Jímọ̀, 26 Dìsẹ́mbà

Ọyẹ́. Ètè mi là, ìka mi là, òwú ń há sínú ìka. Mo fi òrí pa á, òrí kan aṣọ. Mo bú ara mi.

Mọ́ńdè, 29 Dìsẹ́mbà

Eruku ò jẹ́ kí n lè jókòó sábẹ́ igi mọ́. Mo gbé aṣọ náà, tòun ti igi méjì tí mo fi ń ká a, lọ sí yàrá Ìyá. Fèrèsé ibẹ̀ mọ́lẹ̀, eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ìyá ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n ní, "Òwú ẹ gùn jù." Ó gùn jù lóòótọ́. Mo gé e.

Wẹ́sìdeé, 7 Jánúárì 2026

Etí kẹta parí! Alhamdulilahi. Mi ò tú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo gbé e dúró, mo sún sẹ́yìn dé ògiri, mo wò ó, gbogbo ẹ̀ tò. Mo jẹ wáàkyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà, abọ́ méjì.

Ilé ìwé wọlé lọ́la. Zulfah ni yóò máa jókòó ti Ìyá títí n ó fi dé.

Mọ́ńdè, 19 Jánúárì

Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá abẹ́rẹ́ mi níbi tí mi ò fi í sí. Wọ́n ká aṣọ náà le ju bí mo ṣe ń ká a lọ. Òwú àwọ̀ ewé ń tán, bẹ́ẹ̀ mo mọ iye tí mo gé. Mo bi Zulfah. Ó ní bóyá èkúté ni.

"Èkúté tó ń jẹ òwú àwọ̀ ewé, tí kò jẹ funfun?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sá lọ sí ìdí iná. Ìyá ń wo òrùlé. Ara wọn yá díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n sọ gbólóhùn mẹ́ta tó já geere nípa ìyẹ̀fun tí Sherifatu rà.

Jímọ̀, 30 Jánúárì

Ẹ wo ohun tí mo bá lára aṣọ mi.

Mo dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Sherifatu ti gbé Ìyá lọ sí ọsibítù fún ọwọ́ nínà. Mo ní kí n tú gbogbo aṣọ náà kúrò lórí igi kí n wọ̀n ọ́n, torí ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù. Mo tú u dé ìpẹ̀kun, dé igun kẹrin tí mi ò tíì dé rárá. Iṣẹ́ ti wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ burúkú! Òmíì le, òmíì dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lójú kan, ìlà tó yẹ kó gún ń lọ sókè sódò bí ọ̀nà ẹsẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ òkè, láìku ẹyọ kan, òsì ló kọrí sí. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì nígbà kan, ó ṣe déédéé nígbà mìíràn o. Ẹni yẹn yan ìwà òmùgọ̀ láàyò, kò yà kúrò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Sherifatu ti lọ gba ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, pé ó ń mú un wọlé tí mo bá ti gun alùpùpù mi lọ sílé ìwé. Ó ṣáà ti sọ pé òun mọ ohun tí òun máa ṣe.

Mo mú àlùmọ́gàjí kékeré. Mo ń gé ẹsẹ̀ òkè, mo ń fi ìdí abẹ́rẹ́ fa èyí tó kù jáde. Zulfah wọlé, ó figbe ta, "Àǹtí Ummu, ẹ má ṣe é! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é!" Mo ní, "Ta ló ṣe é? Sọ orúkọ ẹni náà fún mi, màá dáwọ́ dúró." Ó fọwọ́ bo ẹnu ẹ̀, ó ń sunkún, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó lọ sunkún níwájú ìyá ẹ̀. Láti Alásárì títí dé Mògàríbì ni mo fi tú u. Kò ku ẹyọ kan. Inú mi dùn bí mo ṣe ń tú u, kí n má purọ́.

Wọ́n gbé Ìyá wọlé. Ìyá wo aṣọ, wọ́n wo òwú tó kún ilẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ àwọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ọsibítù ló rẹ̀ wọ́n. Mo fa Sherifatu jáde, mo bú u débi pé àwọn aládùúgbò yọjú. Ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń wí. Mo pè é ní òpùrọ́. Ó fi Kùránì búra. Mo ní kó máa fi Kùránì ṣeré lọ.

Sátidé, 31 Jánúárì

Ìyá ni.

Láàárọ̀ wọ́n kọ kókó, wọ́n kọ omi. Zulfah gbé abọ́ náà jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Mo búra pé mi ò ní sọ, Ọlọ́run á foríjì mí. Màmá Àgbà ló ṣe é."

Ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó ti ilẹ̀kùn, kó kó àga tì í. Zulfah á di igi mú, á fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún wọn, wọ́n á sì máa fi òsì kì í bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kírọ́ọ̀sì mẹ́rin. Wọ́n gún ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi kan aṣọ. Nígbà tó yá, ogún. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣe ogójì, wọ́n ń kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, kí ahọ́n wọn lè jí. Wọ́n ní kò sí ọmọ tó máa jáde nílé àwọn láìgbé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn dání, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i pé òsì ni. Kí èmi pàápàá má rí i. Wọ́n rò pé tí mo bá dé igun náà màá rò pé èmi ni mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀ tí mo gbàgbé. Ìyá mi tó mọ̀ mí láti inú wá, ibo ni wọ́n ti rí irú èrò yẹn?

Ẹni tó bá ń fi òsì ránṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kírọ́ọ̀sì ẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ ní kírọ́ọ̀sì, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí mi ti gbóná, mi ò rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ohun tí mo fi ìrọ̀lẹ́ kan bà jẹ́, mo sì ń gbádùn ẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Wọ́n wá bi mí, "Ṣé ó wọ́ ni?"

Mi ò lè sọ pé kò wọ́. Mi ò lè sọ pé ó wọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ parí ẹ̀," wọ́n kọjú sí ògiri.

Mọ́ńdè, 2 Fẹ́búárì

Mo tọrọ àyè nílé ìwé. Mo lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n tún un sọ, torí etí àwọn ò gbọ́ ibi tí mo ti ní àwọn kì í ṣe òpùrọ́. Mo tún un sọ. Wọ́n tún ní kí n sọ ọ́ síta kí àwọn aládùúgbò tó yọjú lọ́jọ́sí lè gbọ́. Mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Àwọn náà ń sunkún.

Igun yẹn ò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ́wọ́ mi. Sherifatu ní, "Fi tìẹ dí i, kó parí, kí la tún ń wí?" Mi ò fi tèmi dí i. Mo gbé igi náà síbi ẹsẹ̀ Ìyá, mo fi abẹ́rẹ́ méjì tó ti lówùú sára ẹ̀. Gbogbo ọjọ́, wọn ò wò ó.

Túsìdeé, 3 Fẹ́búárì

Wọn ò wò ó.

Wẹ́sìdeé, 4 Fẹ́búárì

Wọ́n mu omi ọsàn. Wọn ò wò ó. Zulfah bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ọwọ́ òsì ti rẹ àwọn. Mo bínú sí wọn, ẹ gbọ́! Èmi tí mo dẹ́ṣẹ̀ ni mo tún ń bínú. Kí ló dé tí wọn ò kúkú bú mi? Ìyá tó ń gbé àlùmọ́gàjí fún èèyàn láìsọ̀rọ̀, wọ́n ti wá di ẹni tí kò lè gbé e mọ́, ẹnu sì wà, kí wọ́n bú mi kí n sinmi. Mo yọ aṣọ kúrò lórí igi lálẹ́, mo lọ̀ ọ́. Wọ́n á gbé e lọ bó ṣe wà.

Àlàmísì, 5 Fẹ́búárì

Wọ́n tẹ́ ẹrù lónìí. Àwọn obìnrin kún àgbàlá, ó tó ogójì, tiwa àti ti ọkọ, èdè Hausa, Yorùbá àti Dagbani ń dà pọ̀. Ìkòkò, abọ́, aṣọ, wọ́n ń gbé wọn sókè, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ra èyí, ẹni tó ra tọ̀hún. Wọ́n gbé Ìyá sórí àga lábẹ́ igi, wọ́n fi gèlè bo ọwọ́ wọn méjèèjì. Aṣọ mi ni wọ́n tẹ́ kẹ́yìn.

Wọ́n pariwo. Hajia Adiza fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dé igun kẹrin, ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó bi wá ní Hausa pé ṣé kò tíì parí ni. Sherifatu ti ń rẹ́rìn-ín, mo rí irọ́ náà bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n ní àṣà ilé wa ni pé a máa ń ṣẹ́ igun kan kù.

Mo ní, "Kì í ṣe àṣà. Iṣẹ́ ìyá mi ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀tún wọn ti kú, òsì ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé òmùgọ̀ kan ló ba aṣọ mi jẹ́, mo tú u. Èmi Ummuhani ni mo tú u. Kò sí ọwọ́ ìyá mi lára ẹrù yìí, èmi ni mo fà á."

Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Hausa kó má baà kù síbì kan. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Òsì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti tẹ́ ẹ fún ogójì obìnrin wò.

"Ummuhani!"

Láti Iléyá, mi ò tíì gbọ́ ohùn Ìyá bẹ́ẹ̀. Gbogbo àgbàlá yíjú. "Ta ló rán ẹ? Ta ló ní kó o sọ ọ́? Ẹnu ẹ ò ní ilẹ̀kùn? Láti kékeré! Láti kékeré lo ti ń fi ìbínú ba tìẹ jẹ́, o tún wá fi ba tèmi jẹ́, o tún wá ń kéde ẹ̀!" Wọn ò wá ọ̀rọ̀ kankan. Ó ń jáde ni. Mo dojúbolẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, mo ń sọ pé, "Ẹ bú mi, Ìyá, ẹ bú mi," wọ́n sì bú mi, wállàhì, wọ́n bú mi tẹ́rùn.

Nígbà tí wọ́n bú mi tán, wọ́n mí. Wọ́n wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Wọ́n kúkú ti gbọ́. Gbé aṣọ náà wá."

Wọ́n yọ òsì jáde lábẹ́ gèlè, wọ́n nà án sí mi lójú gbogbo ayé. "Abẹ́rẹ́ dà?"

Mo sáré mú un wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òwú ń jáde lójú abẹ́rẹ́ kí n tó fi í wọ̀. Mo gbé aṣọ náà lé wọn lẹ́sẹ̀, mo fẹ́ bá wọn nà án kó le. Wọ́n ní, "Zulfah ni kó wá dì í mú. Ìwọ, lọ jókòó sọ́hùn-ún."

Mo lọ jókòó sọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò. Kírọ́ọ̀sì mọ́kànlá ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì. Hajia Adiza ń bá wọn kà á ní Yorùbá, ó ń ṣì í kà, Ìyá sì ń tún un ṣe fún un.